Odò Tí Sámọ́nì Ń Gùn: Ibi Tí A Ti Lè Fi Ìwọ̀ Pẹja ní Ilẹ̀ Olókè Skọ́tlándì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi ìlú Aberdeen ṣe ibùgbé lónìí. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló kó àwọn kan débẹ̀, ìwé kíkà ló kó àwọn mìíràn lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá lórí odò Dee, tí ojú wọn wà lára fóònù, tí wọn kò sì mọ̀ pé nínú omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá yẹn, ẹja kan wà tó ti lúwẹ̀ẹ́ dé àgbègbè Greenland, tó ti jẹun yó nínú òkun, tó sì ń padà bọ̀ sí odò tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe Aberdeen ni ẹja náà ń lọ. Òkè ló ń gùn. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ Banchory kọjá, yóò gba Ballater kọjá, yóò sì máa lọ títí dé ibi tí odò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àpáta àwọn òkè Cairngorm.

Sámọ́nì ni orúkọ rẹ̀. Òun àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tíráòtì ni àwọn ènìyàn ń torí wọn rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ olókè Skọ́tlándì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ni ẹja pípa. Ẹ bi àwọn Ìlàjẹ tàbí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ léèrè: kò sí ẹni tó ń gbé àwọ̀n wọ inú ọ̀sà ní òru torí pé ó fẹ́ ṣe fàájì. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan san owó ńlá láti dúró nínú omi tútù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò mú ẹyọ kan, tó sì padà sílé tayọ̀tayọ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó bá ń gbé Ìlú Ọba, tó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò sì tó owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dubai, lè rí ìsinmi tó jinlẹ̀ létí odò wọ̀nyí, bí ó bá mọ ibi tí yóò lọ àti ohun tí òfin sọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń wá. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni abo sámọ́nì máa ń fi ìrù gbẹ́ kòtò sínú òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò òkè, tí yóò sì yé ẹyin síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú omi tútù náà. Lẹ́yìn náà, nígbà ìrúwé, ara wọn yóò di fàdákà, wọn yóò sì ṣàn lọ sókun. Ọdún kan ni àwọn mìíràn ń lò níbẹ̀, àwọn kan ń lò tó méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, òórùn omi ilé wọn ni wọ́n fi ń dá ọ̀nà mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ odò. Láti ọjọ́ tí sámọ́nì bá ti wọ odò, kò ní fẹnu kan oúnjẹ mọ́ títí yóò fi yé ẹyin. Ìbéèrè tí àwọn apẹja ń fi ṣe àríyànjiyàn ní ilé ọtí nìyí: kí ló dé tí ẹja tí kò jẹun fi ń gbé ìwọ̀ mì? Àwọn kan ní ìbínú ni. Àwọn kan ní ìrántí ìgbà èwe rẹ̀ ló ń tàn án. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni yóò kú lẹ́yìn ẹyin yíyé. Díẹ̀ ló ń padà sókun.

Ti tíráòtì kò le tó bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni ẹ óò máa gbọ́ nípa rẹ̀. Tíráòtì aláwọ̀ ilẹ̀, tó ní àmì pupa àti dúdú lára, ni ọmọ onílùú. Inú odò àti àwọn adágún orí òkè ló ń gbé, àwọn kan nínú wọn a sì máa lọ sókun bíi sámọ́nì. Tíráòtì òṣùmàrè jẹ́ àlejò láti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Wọ́n ń sìn ín nínú adágún, wọ́n sì ń dà á sínú omi kí àwọn apẹja lè rí nǹkan mú. Ẹni tí kò bá tíì di ọ̀pá ìpẹja mú rí, ọ̀dọ̀ tíráòtì òṣùmàrè ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀, ebi ń pa á, a sì lè gbé e lọ sílé lọ jẹ.

Ṣáájú odò, òfin

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí òun ló lè kó ọmọlúàbí sí wàhálà. Ní Skọ́tlándì, òfin ọdún 2003 lórí àtúnṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ tàbí ti ìjọba, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ lè pàgọ́, ẹ lè gun òkè, ẹ lè jókòó létí odò. Ẹja pípa kò sí lára ẹ̀tọ́ náà. Ẹ̀tọ́ láti pa sámọ́nì jẹ́ ohun ìní kan tó dá dúró, tí a lè tà, tí a sì lè jogún, tó sì yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí odò náà gbà kọjá. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sí i láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ti ṣẹ̀ sí òfin ìjọba, kódà bí kò bá mú ẹyọ kan. “Èmi kò mọ̀” kò lè gba ènìyàn sílẹ̀ níwájú adájọ́. Ti tíráòtì náà ń fẹ́ àṣẹ onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjìyà rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ̀ pé èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀, bí omi náà tilẹ̀ ń ṣàn lójú gbogbo ayé. Odò lólúwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Skọ́tlándì. Ìwé ni wọ́n fi ń fi olúwa tirẹ̀ hàn.

Kò sí láísẹ́nsì ìjọba tí a ń rà fún ọ̀pá ìpẹja ní Skọ́tlándì, àfi ní odò Esk ti ẹ̀bá ààlà. Tíkẹ́ẹ̀tì onílé ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọdá sí England tàbí Wales, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní láísẹ́nsì lọ́wọ́ ní àfikún sí àṣẹ onílé, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 2,500 póùn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, kì í pẹ́.

Òfin kan tún wà tí inú àwọn ẹlẹ́sìn yóò dùn sí: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pa sámọ́nì ní Skọ́tlándì lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fi ìpẹja sá fún ìsìn lè rán an létí.

Dee, Don àti Spey

Orí òkè Braeriach ni odò Dee ti ṣẹ̀ wá, ní nǹkan bí 1,220 mítà sókè, kò sì sí odò ńlá mìíràn ní àwọn erékùṣù náà tí orísun rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣí i fún sámọ́nì títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Ilé ọba tó wà ní Balmoral wà létí rẹ̀, nítorí náà, ẹ má retí owó pọ́ọ́kú ní gbogbo ibi. Ọ̀nà kan wà fún ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún: kí ó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì béèrè ibi tí ẹgbẹ́ àwọn apẹja ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan.

Ní tèmi, ọmọ Aberdeen tó ń bẹ̀rẹ̀ yóò gbádùn odò Don ju Dee lọ. Arákùnrin Dee ni Don. Inú ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń wọ òkun. Don kò gbajúmọ̀ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n tíráòtì aláwọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ lókìkí láàárín àwọn tó mọ nǹkan. Oko ló gbà kọjá ní àgbègbè Inverurie àti Alford, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́, iye tí wọ́n sì ń gbà kò pa ènìyàn lára. Àkókò tíráòtì aláwọ̀ ilẹ̀ ní gbogbo Skọ́tlándì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ó sì parí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ló dára jù, nígbà tí àwọn kòkòrò omi bá ń yọ ìyẹ́, tí ẹja ń gbẹ́nu sókè láti gbé wọn.

Spey le. Ó yára, ó gbòòrò, igi sì kún etí rẹ̀ dé ibi tí ènìyàn kò fi lè ju okùn sẹ́yìn kí ó tó jù ú síwájú. Nítorí èyí ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe dá ọ̀nà tiwọn sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, okùn tó ń yí po lórí omi bí ejò, tí yóò sì wá fò lọ sí iwájú láìkan igi tó wà lẹ́yìn. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń fi orúkọ odò náà pe ọ̀nà ìjùwọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó ń fi ìwé kíkà mọ̀ ọ́n. Ẹ gba gílì. Gílì ni ẹni tó mọ odò náà bí àtẹ́lẹwọ́, tí yóò tọ́ yín sí ibi tí ẹja ń dúró sí, tí yóò yan kòkòrò àtọwọ́dá tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú ṣe, tí yóò sì fà yín jáde bí omi bá fẹ́ gbé yín. Ẹ pè é ní “sà” bí ó bá dàgbà. Yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò dùn. Ní ìlú Grantown-on-Spey, ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò lórí ọ̀pọ̀ máìlì omi, ní iye tí òṣìṣẹ́ lásán lè san. Èyí ṣọ̀wọ́n lórí odò ńlá.

Obìnrin tó mú ẹja tó wúwo jù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 1922, obìnrin kan tó ń jẹ́ Georgina Ballantine wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Tay, nítòsí abúlé Caputh. James, bàbá rẹ̀, ló ń tukọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí nǹkan gbá ìwọ̀ rẹ̀ mú. Ó lé ní wákàtí méjì tí òun àti ẹja náà fi fa ara wọn nínú òkùnkùn, lọ sísàlẹ̀ odò, kí bàbá rẹ̀ tó rí i gbé sínú ọkọ̀. 64 pọ́n-ùn ló wọ̀n, èyí tó tó kílò 29. Wọ́n gbé ẹja náà fún ilé ìwòsàn ní Perth kí àwọn aláìsàn lè jẹ ẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, kò tíì sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó fi ọ̀pá mú sámọ́nì tó tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìlú Ọba. Ó yẹ kí àwọn arábìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé ìpẹja kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin fi ìtàn yìí sápò.

Tay ni odò tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìlú Ọba. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣí i, nínú òtútù tí kò dára fún aráyé, wọ́n sì máa ń lu ìlù, wọ́n a fun fèrè, wọ́n a sì ta ọtí wisikí sára ọkọ̀ ní Kenmore kí wọ́n tó ju ìwọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ta omi sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa yóò lóye ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ má dúró sétí Tay nìkan o. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Edinburgh lọ sí Pitlochry. Odò Tummel, tó ń wọ inú Tay, ni wọ́n sé níbẹ̀ fún iná mànàmáná, iṣẹ́ náà sì parí ní 1951. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé bí àwọn bá sé odò pa, sámọ́nì yóò pàdánù ọ̀nà ilé. Wọ́n wá kọ́ àtẹ̀gùn fún ẹja: ihò omi 34, ọ̀kan lórí èkejì, tí gígùn gbogbo wọn jẹ́ 310 mítà. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, sámọ́nì a máa gba ibẹ̀ gòkè, láti ihò dé ihò. Ọmọ tó bá rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò tún ní béèrè ohun tí àwọn ẹja náà ń wá.

Àríwá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ra omi wọn

Assynt ni ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ó wà ní ìkangun àríwá ìwọ̀ oòrùn, ní àyíká Lochinver, níbi tí àwọn òkè bíi Suilven ti dá dúró bí àwọn Olúmọ tí ẹnì kan dà sí pápá gbalasa. Adágún kéékèèké tó wà láàárín àwọn àpáta náà tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tíráòtì aláwọ̀ ilẹ̀ sì kún inú ọ̀pọ̀ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lágbára, ìtura ibẹ̀ sì ju ẹja lọ. Ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ dé alẹ́ láti adágún kan sí èkejì láìrí ẹ̀dá kan.

Ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn olówó onílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹ́gẹ́ bí apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ olókè Skọ́tlándì ṣe wà títí dòní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́ tà, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbé orí rẹ̀ kó owó jọ, wọ́n tọrọ lọ́wọ́ àwọn ará ìta, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà ní 1993, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ìpẹja inú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà níbẹ̀, inú àpò àwọn ará ìlú ni owó rẹ̀ ń lọ. Èmi kì í dá ẹni tó ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún póùn fún ọjọ́ kan lórí odò ọlọ́lá lẹ́bi, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n póùn díẹ̀ tí a san ní Assynt dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ.

Bí ó bá jẹ́ Glasgow tàbí Edinburgh lẹ wà, tí ẹ kò sì lè rìn jìnnà, ẹ lọ sí Lake of Menteith, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Trossachs. Wọ́n ń yá ọkọ̀ ojú omi fún ènìyàn níbẹ̀, tíráòtì òṣùmàrè ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn tó wà ní Cardiff tàbí Bristol ní Wye àti Usk nítòsí, Teifi àti Tywi sì wà ní ìwọ̀ oòrùn Wales fún tíráòtì òkun, èyí tí wọ́n ń pa ní òru bí àwọn Ìlàjẹ. Ẹ̀yin tó wà ní ilé, tí ọ̀rọ̀ físà Ìlú Ọba ti sú, ẹ rántí Kenya: àwọn òyìnbó amúnisìn gbé tíráòtì lọ sí odò orí òkè Aberdare àti òkè Kenya ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ṣì ń bí sí i níbẹ̀.

Ẹja tí a dá padà

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń le nìyí. Ní 2023, iye sámọ́nì tí àwọn apẹja fi ọ̀pá mú ní Skọ́tlándì ló kéré jù láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀dá inú ìgbẹ́ àti omi kọ sámọ́nì erékùṣù Britain sára àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Omi odò ń gbóná. Bí ó bá ti ju 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ẹja náà kò lè mí dáadáa. Òkun tí ó ti ń jẹun ń yí padà. Ìsédò, ìdọ̀tí oko, àti kòkòrò tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹja ọ̀sìn etí òkun ràn án, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, bí àwọn olóko ẹja tilẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tó kẹ́yìn.

Nítorí náà, ọdọọdún ni ìjọba Skọ́tlándì ń pín àwọn odò sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ní ìsọ̀rí kẹta, dandan ni kí a dá gbogbo sámọ́nì padà sínú omi. Ní Wales, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí gbogbo odò láti 2020. Lórí Dee, ìlànà àwọn apẹja fúnra wọn ni.

Mo mọ ohun tí ìyá wa yóò sọ. Ṣé a óò mú ẹja tó tó ọmọ ọwọ́, a óò wò ó, a óò sì tún jù ú padà? Ìbéèrè gidi ni, torí pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹran tí Ọlọ́run bá fi sọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ohun ìṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó: abo kan tó padà sómi lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin nígbà òtútù, díẹ̀ ni yóò sì yè nínú wọn. Ẹni tó bá gbé e sínú ọbẹ̀ ti gbé gbogbo wọn. Mo fara mọ́ dídá a padà. Ẹni tí ọbẹ̀ ń wù, kí ó lọ sọ́dọ̀ tíráòtì òṣùmàrè. Ẹ fi ata rodo, àlùbọ́sà àti èéfín sí i, ẹ óò rí i pé kò jìnnà sí ẹja yíyan tiwa. Ẹ má sì gbìyànjú láti ta sámọ́nì tí ẹ fi ọ̀pá mú, òfin kọ̀ ọ́. Èyí tó wà ní ìsọ̀ ńlá, ẹja ọ̀sìn ni.

Bí a bá fẹ́ dá a padà kó sì yè, kí a lo ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún, kí a fi omi tu ọwọ́ kí a tó kàn án, kí a má fà á lórí òkúta, kí a sì di ìrù rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ nínú omi, tí orí rẹ̀ dojú kọ ìṣàn, títí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ. Fọ́tò kan ti tó. Ẹja kò lè dúró de fídíò.

Ní ti ara yín, ẹ wọ aṣọ ẹ̀jọ́, ẹ gbé dígí ojú dání kí ìwọ̀ má baà gún ojú, ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó bí ẹ bá máa wọ omi tàbí ọkọ̀. Bàtà rọ́bà tó gùn dé àyà dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣubú nínú Spey, ó lè kún fún omi. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, kòkòrò kan tó kéré ju yànmùyánmú lọ yóò bò yín ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Kì í fa ibà, ṣùgbọ́n yóò lé yín wọlé. Ẹ ra àwọ̀n ojú.

Bí ọdún bá sì ti lọ, tí àkókò tíráòtì ti parí, tí ẹ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò ní ọ̀pá, ọ̀fẹ́ ni ibi tó dára jù. Ẹ lọ sí afárá odò Feugh ní Banchory ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn òjò. Ẹ dúró lórí afárá, ẹ wo ìsàlẹ̀. Nínú omi tó ń hó lórí àpáta, ẹ óò rí wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n ń fò, tí omi ń gbá wọn ṣubú, tí wọ́n sì tún ń fò.